Ẹ Wọn Pùlọ́ọ̀tì Kan Kí Ẹ Tó Jiyàn Lórí Òfin Ìpín Àgbègbè

Bí ìgbìmọ̀ ìlú bá ti kéde pé àwọn fẹ́ yí òfin ìpín àgbègbè padà, ariwo á sọ. Apá kan á ní wọ́n fẹ́ ba àdúgbò àwọn jẹ́. Apá kejì á ní ilé á pọ̀ sí i, owó ilé á sì wálẹ̀. Gbólóhùn kan náà ni àwọn méjèèjì dì mú, èyí tó wà lójú ìwé àkọ́kọ́ àbá náà: níbi tí a ti ń gba ilé onídìílé kan ṣoṣo láàyè tẹ́lẹ̀, a ó máa gba fúláàtì mẹ́fà. Ó dá mi lójú pé gbólóhùn yẹn kọ́ ni òfin. Tábìlì nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ìwé gan-an ni òfin, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fa ọ̀rọ̀ ya, ìbáà jẹ́ alátìlẹ́yìn tàbí alátakò, ni kò sì tíì ṣí i wò. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Òfin ìpín àgbègbè ni òfin tó pín ìlú sí ẹ̀ka ẹ̀ka, tó sì sọ ohun tí onílẹ̀ lè fi ilẹ̀ rẹ̀ ṣe ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ìwé méjì ló máa ń jẹ́. Èkíní ni máàpù, tí wọ́n fi àwọ̀ àti lẹ́tà kun. Èkejì ni ìwé òfin fúnra rẹ̀, tó sọ ohun tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún. Bí wọ́n bá yí máàpù padà, àwọn pùlọ́ọ̀tì kan ló kúrò ní ẹ̀ka kan bọ́ sí òmíràn. Bí wọ́n bá yí ọ̀rọ̀ inú ìwé padà, gbogbo ilẹ̀ tó wà ní ẹ̀ka yẹn jákèjádò ìlú ló yí padà lọ́jọ́ kan náà, àwọ̀ ojú máàpù ò sì ní yí rárá. Mélòó mélòó ni àwọn onílé tó wo máàpù, tí wọ́n rí i pé àwọ̀ àdúgbò àwọn ò yí, tí wọ́n sì padà lọ jókòó! Ìwé méjèèjì ló yẹ kí èèyàn béèrè fún, pẹ̀lú ẹ̀dà tó fi ohun tí wọ́n pa rẹ́ àti ohun tí wọ́n fi kún un hàn.

Ẹ jẹ́ ká mú pùlọ́ọ̀tì kan, ká fi tábìlì náà wọ̀n ọ́n. Ká ní fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 15, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ mítà 30. Sikúéà mítà 450 nìyẹn. Àbá tuntun ní fúláàtì mẹ́fà lè dúró níbẹ̀, kí gíga ilé má sì ju mítà 9 lọ, ìyẹn àjà mẹ́ta. Àwọn nọ́ńbà tí n ó lò yìí jẹ́ irú èyí tó wọ́pọ̀ nínú òfin ìlú púpọ̀. Tìrẹ lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìṣirò ò yàtọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni àyè tí a gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ láàárín ilé àti ààlà: ká ní mítà 6 níwájú, mítà 6 lẹ́yìn, mítà 1.5 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó ku mítà 12 ní fífẹ̀ àti mítà 18 ní gígùn, sikúéà mítà 216. Lẹ́yìn ìyẹn, òfin á sọ ìdá tí ilé lè bò nínú ilẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìdá 40 nínú 100, sikúéà mítà 180 nìyẹn. Nínú irú tábìlì yìí, èyí tó bá le jù ló máa ń borí, nítorí náà 216 ti lọ, 180 ló kù. Àjà mẹ́ta lórí 180 jẹ́ 540. Ẹni tó bá dúró síbí á rò pé ilé ńlá ń bọ̀.

Ìlà tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ń pè ní FAR: wọ́n á ro gbogbo àjà ilé pọ̀, wọ́n á fi ìtóbi ilẹ̀ pín in. Bí FAR bá jẹ́ 0.8, àpapọ̀ gbogbo àjà ò gbọ́dọ̀ ju 360 lọ lórí ilẹ̀ 450 yìí. Àjà mẹ́ta tí wọ́n kọ sójú ìwé àkọ́kọ́ ti di àjà méjì péré, bí ilé bá bo gbogbo ibi tó lè bò. Kí a yọ nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 fún àtẹ̀gùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ògiri, ó ku 306. Pín in sí mẹ́fà, fúláàtì kọ̀ọ̀kan jẹ́ sikúéà mítà 51. Yàrá kan àti pálọ̀ ni ìyẹn, tàbí yàrá méjì tó há. Ẹni tó ń sọ níbi ìpàdé pé òfin yìí á fàyè gba tọkọtaya tó ní ọmọ mẹ́ta kò tíì ṣe ìṣirò yìí. Ẹni tó ń sọ pé èrò yóò kún àdúgbò fọ́fọ́ náà ò tíì ṣe é.

Ìlà tó máa ń pa iṣẹ́ jù lọ ṣì wà níwájú. Nínú ọ̀pọ̀ òfin àtijọ́, a máa rí gbólóhùn kan tó sọ iye ilẹ̀ tó gbọ́dọ̀ wà fún fúláàtì kan. Ká ní ó jẹ́ sikúéà mítà 100. Pín 450 sí 100, mẹ́rin àti ààbọ̀ ni, wọn kì í sì í ka ààbọ̀. Fúláàtì mẹ́rin nìyẹn. Bí àwọn tó kọ àbá tuntun bá gbàgbé láti pa ìlà yìí rẹ́, tàbí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀, fúláàtì mẹ́fà tí gbogbo ìlú ń jà lé lórí ò lè wáyé lórí pùlọ́ọ̀tì yìí láéláé.

Ká ní wọ́n pa á rẹ́. Ibi ìgbọ́kọ̀sí wá délẹ̀. Bí òfin bá ní ọkọ̀ kan àti ààbọ̀ fún fúláàtì kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ mẹ́sàn-án ni fúláàtì mẹ́fà ń béèrè. Àyè ọkọ̀ kan jẹ́ nǹkan bí mítà 2.5 ní fífẹ̀ àti mítà 5 ní gígùn, àyè tí ọkọ̀ máa fi yí jáde sì tó nǹkan bí mítà 6. Òfin kì í sábà gba ọkọ̀ níwájú ilé, nítorí náà ẹ̀yìn ni wọ́n ń lọ. Ọ̀nà tí ọkọ̀ máa gbà dé ẹ̀yìn fẹ̀ tó mítà 3, a ó sì fi mítà 1.5 sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Fífẹ̀ ilé ti di mítà 10.5. Ẹ̀yìn ilé gbọ́dọ̀ jìn tó mítà 11, ìyẹn mítà 5 fún ọkọ̀ àti mítà 6 fún àyè ìyípadà. Bí a bá yọ mítà 11 yìí àti mítà 6 iwájú kúrò nínú 30, gígùn ilé ti di mítà 13. Ilé wá di sikúéà mítà 136.5 nísàlẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn: mítà 15 ni fífẹ̀ rẹ̀, ọkọ̀ kan ń gba mítà 2.5, ọkọ̀ mẹ́fà péré ló lè tò síbẹ̀. Ọkọ̀ mẹ́fà, ní ọ̀kan àti ààbọ̀ fún fúláàtì kan, fúláàtì mẹ́rin ni. Nọ́ńbà ibi ìgbọ́kọ̀sí nìkan ti sọ mẹ́fà di mẹ́rin, gíga ilé ò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi tipátipá kọ́ mẹ́fà á gbẹ́ ilẹ̀ láti kó ọkọ̀ yòókù sí abẹ́ ilé, owó ìyẹn á sì gun orí owó ilé tí ayálégbé máa san.

Mo tẹnu mọ́ ọkọ̀ nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àdúgbò àti ọ̀rọ̀ tábìlì ti ń pàdé. Ọ̀nà ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé jẹ́ mítà 3 ní mítà 19, sikúéà mítà 57. Ẹ̀yìn jẹ́ 165. Kọnkéré 222 nìyẹn, kí a fi ilé 136.5 kún un, ó ku 91.5 tí koríko lè hù sí. Nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 ilẹ̀ ni. Bí tábìlì bá sì ní ìdá 25 gbọ́dọ̀ jẹ́ ilẹ̀ tí a kò dí, ilé náà tún ti kùnà. Ọ̀ràn omi ń tẹ̀ lé e: sikúéà mítà 358.5 ni òjò ò lè wọlẹ̀ sí. Òjò mílímítà 25 lórí rẹ̀ á fún wa ní nǹkan bí lítà 9,000, tó gbọ́dọ̀ wá ibi gbà. Nítorí náà, ẹni tó bá dìde níbi ìpàdé tó ní ọ̀ràn gọ́tà ń ba òun lẹ́rù kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n kó béèrè ohun tó yẹ: ṣé ilé ló dí ilẹ̀ náà jù, àbí ibi ìgbọ́kọ̀sí tí òun fúnra rẹ̀ ń bẹ ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n má dín kù?

Òfin mìíràn tún wà tí kì í sí nínú ìwé yìí rárá, òfin ìkọ́lé. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà, bí ilé fúláàtì bá ti kọjá àjà mẹ́ta, ó gbọ́dọ̀ ní àtẹ̀gùn méjì fún sísá jáde nígbà iná. Lórí ilẹ̀ tóóró, àtẹ̀gùn kejì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó so méjèèjì pọ̀ lè jẹ yàrá kan ní àjà kọ̀ọ̀kan. Seattle gba àtẹ̀gùn kan láàyè títí dé àjà mẹ́fà, pẹ̀lú àwọn nǹkan ìdènà iná tí wọ́n là sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ilé tóóró tó ga fi rọrùn kọ́ níbẹ̀ ju ní ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn lọ. Ìlú tó bá gbé gíga ilé sókè láìbá àwọn tó ń bójú tó òfin ìkọ́lé sọ̀rọ̀ lè rí i pé kò sí ẹni tó kọ́ nǹkan kan.

Tábìlì yìí ní ìtàn, kò sì yẹ ká máa kà á bí ìṣirò lásán. Ní 1915 ni wọ́n parí Equitable Building ní New York. Tààrà láti etí títì ni ilé náà gbà lọ sókè, àpapọ̀ àjà rẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 30 ilẹ̀ tó jókòó lé, òjìji rẹ̀ sì bo àwọn ilé tó yí i ká. Ní 1916, New York ṣe òfin tó ní bí ilé bá ti ń ga, kó máa fà sẹ́yìn kúrò létí títì. Ìdí rere ni, ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn. Ṣùgbọ́n ìlú Louisville ti lo irú agbára yìí kan náà láti pín àdúgbò láàárín aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fi fagi lé e ní 1917. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ìlú mìíràn rí ọ̀nà ẹ̀yìn: dípò kí wọ́n dárúkọ ẹ̀yà, wọ́n sọ pé ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tóbi tó báyìí, ilé sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìdílé kan. Ẹni tí kò bá lówó ilẹ̀ ńlá ò lè wọ̀ ọ́. Nígbà tí ẹjọ́ Euclid, ìlú kékeré kan nítòsí Cleveland, dé ilé ẹjọ́ náà ní 1926, àwọn adájọ́ fọwọ́ sí òfin ìpín àgbègbè, ìdájọ́ náà sì fi ilé fúláàtì wé kòkòrò afòmọ́ láàárín àwọn ilé onídìílé kan. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí títí di òní, nítorí ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń sọ níbi ìpàdé nípa àwọn ayálégbé, inú rẹ̀ ló ti jáde.

Kò sí dandan pé kó rí bẹ́ẹ̀. Ní Japan, ìjọba àpapọ̀ ló la ẹ̀ka 13 sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, àwọn ìlú á wá mú nínú rẹ̀. Kódà ní ẹ̀ka tó le jù, ilé fúláàtì kékeré lè dúró, ṣọ́ọ̀bù kékeré sì lè wà nínú ilé tí èèyàn ń gbé.

Àwọn ìlú tó ti yí òfin wọn padà ti fi ohun púpọ̀ hàn wá. Minneapolis, ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n máa ń dárúkọ jù. Ní oṣù Kejìlá 2018, ìgbìmọ̀ ìlú náà dìbò láti fòpin sí ẹ̀ka tó jẹ́ ti ilé onídìílé kan ṣoṣo, fúláàtì mẹ́ta sì di ohun tí a lè kọ́ láti 2020. Gbogbo ayé gbọ́. Ṣùgbọ́n ilé onífúláàtì mẹ́ta tó jáde ò tó nǹkan, nítorí wọn ò jẹ́ kí ìtóbi ilé yàtọ̀ púpọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Àwọn ilé fúláàtì ńláńlá tó wà létí títì níbi tí bọ́ọ̀sì ń gbà ló pọ̀ sí i, fífi ọwọ́ òfin kúrò lọ́rùn ibi ìgbọ́kọ̀sí ní 2021 sì wà lára ohun tó ràn wọ́n lọ́wọ́. Buffalo, ní ìpínlẹ̀ New York, ti fọwọ́ òfin kúrò lọ́rùn ibi ìgbọ́kọ̀sí ṣáájú ìyẹn, ní 2017. Ìjà ilé ẹjọ́ náà ò sì gbẹ́yìn: ẹjọ́ lórí àyíká dá ètò Minneapolis dúró ní 2022, ó sì di 2024 kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ náà tó fi òfin yanjú rẹ̀.

Houston wú mi lórí ju Minneapolis lọ, a kì í sì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó. Wọ́n máa ń ní Houston ò ní òfin ìpín àgbègbè, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ó ní òfin ìtóbi ilẹ̀. Ní 1998, láàárín ìlú, wọ́n sọ ilẹ̀ tó kéré jù fún ilé kan di 1,400 sikúéà fíìtì dípò 5,000. Pùlọ́ọ̀tì kan tó gba ilé kan tẹ́lẹ̀ lè gba mẹ́ta. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé àfaramọ́ra ló jáde láti inú nọ́ńbà kan tó yí padà yẹn. Ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí àwọn ìlú mìíràn wò dáadáa: wọ́n gba àwọn ará òpópónà kan láàyè láti fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí òpópónà tiwọn má yí padà. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ká lára jù rí ọ̀nà yọ ara wọn, wọn ò sì ní láti dá gbogbo ìlú dúró. Àwọn kan á ní ìyẹn jẹ́ kí àwọn ọlọ́rọ̀ sá fún ojúṣe wọn. Wọn ò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n mo ṣì gbà pé ìlú tó yí padà ní ibi púpọ̀ sàn ju ìlú tí kò yí padà níbì kankan.

Ti Auckland, ní New Zealand, gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ètò tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016 gbé ìwọ̀n ìkọ́lé sókè lórí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ilẹ̀ ibùgbé ìlú náà, ìwé àṣẹ ìkọ́lé sì pọ̀ sí i gidigidi ní àwọn ibi tí wọ́n yí padà. Chicago ò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2013 àti 2015, ó gbé ìwọ̀n ìkọ́lé sókè nítòsí àwọn ibùdókọ̀ ojú irin nìkan. Ìwádìí tó jáde ní 2019 rí i pé owó ilẹ̀ gòkè níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ilé tuntun tó pọ̀ sí i láàárín ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́. Ohun tí mo rí nínú méjèèjì ni pé bí àyè ìkọ́lé bá pọ̀ káàkiri, kò sí onílẹ̀ kan tó lè dá iye lé e fúnra rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ojú kan ni wọ́n ṣí sílẹ̀, àwọn tó ni ibẹ̀ ló jèrè, kódà kí wọ́n má tíì gbé bíríkì kan lé òmíràn.

Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ tí máàpù yí padà fi ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ owó. Lọ́jọ́ yẹn ni ilẹ̀ gbówó lórí. Bí ìlú bá fẹ́ kí ìdá kan nínú fúláàtì tuntun jẹ́ èyí tí mẹ̀kúnnù lè san owó rẹ̀, kó kọ ọ́ sínú òfin kan náà, lọ́jọ́ kan náà. Bí ó bá di ẹ̀yìn ọdún méjì, ẹni tó ra ilẹ̀ lówó tuntun á ní iṣẹ́ ò pé òun mọ́, òótọ́ sì lè jẹ́. Kí ẹ sì wo ibi tí ojúṣe yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Bí òfin bá ní láti fúláàtì mẹ́wàá lọ sókè ni, ẹ ó rí ilé onífúláàtì mẹ́sàn-án púpọ̀.

Ní ti bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé, ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ìpàdé ńlá níwájú ìgbìmọ̀ ìlú kọ́ ni ibi tí nọ́ńbà ti ń yí. Àwọn òṣìṣẹ́ ètò ìlú ló ń kọ àbá, wọ́n á gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ ètò ìlú, kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń dìbò. Nígbà tí àbá ṣì wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, lẹ́tà ojú ìwé kan tó ní ìṣirò pùlọ́ọ̀tì nínú lè yí ìlà kan padà wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti tẹ ìkéde jáde lábẹ́ òfin, ìyípadà ńlá lè mú kí wọ́n tún ìkéde ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ara àwọn aṣòfin kì í sì í yá sí i. Nítorí náà ẹ béèrè ọjọ́ tí ìwé òṣìṣẹ́ máa jáde, kí lẹ́tà yín dé ṣáájú rẹ̀.

Bí ó bá sì di ìpàdé, ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fúnni. Ẹ má fi bú ẹnikẹ́ni. Ẹ dárúkọ abala òfin, ẹ ka nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, ẹ sọ èyí tí ẹ fẹ́ kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, kí ẹ wá sọ ìdí: lórí ilẹ̀ mítà 15 sí 30, ọkọ̀ mẹ́fà ló lè wọlé, nítorí náà ọ̀kan àti ààbọ̀ ò lè ṣiṣẹ́, ẹ sọ ọ́ di ọ̀kan tàbí kí ẹ yọ ọ́. Akọ̀wé á kọ ìyẹn sílẹ̀. "Ẹ má ba àdúgbò wa jẹ́" kò ní ibi tí aṣòfin lè fi sí. Bí òjìji ilé bá ń bà yín lẹ́rù, ẹ béèrè àwòrán òjìji fún ọjọ́ tí oòrùn rẹlẹ̀ jù lọ lọ́dún, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ọ̀sán gangan, àti aago mẹ́ta ọ̀sán.

Ẹ̀dùn ọkàn mi nípa ìpàdé wọ̀nyí kì í ṣe ariwo wọn. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ni. Àwọn olùwádìí Boston University ka àkọsílẹ̀ ìpàdé ètò ìlú ní Massachusetts, wọ́n sì rí i pé àwọn onílé, àwọn àgbàlagbà, àti àwọn tó ti pẹ́ ládùúgbò ló ń sọ̀rọ̀ jù, ọ̀pọ̀ wọn sì ń tako ilé tuntun. Kì í ṣe pé ohun tí wọ́n sọ ò dára. Ẹni tó máa gbé inú fúláàtì tí wọn ò tíì kọ́ kò lè wá sọ̀rọ̀, nítorí kò tíì mọ̀ pé òun ni. Ayálégbé tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ò lè wá. Ìgbìmọ̀ tó bá mọ èyí á gba ọ̀rọ̀ lórí ìwé àti lórí fóònù, á sì fi ìkéde ránṣẹ́ sí orúkọ àwọn tó ń gbé inú ilé, kì í ṣe sí onílé nìkan.

Níbi àtúnkọ́ àdúgbò, ọ̀rọ̀ ayálégbé di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Láti 1958, wọ́n wó West End ní Boston lulẹ̀ lórúkọ àtúnṣe, ó lé ní 2,000 ìdílé tó ṣí kúrò, àwọn ilé olówó ńlá ló sì dìde níbẹ̀. Wọ́n ṣèlérí fún àwọn èèyàn náà pé wọ́n á rí ibi gbé. Ìlérí ẹnu kì í ṣe òfin. Bí ilé tí èèyàn ń gbé bá máa wó, ohun tí ayálégbé nílò gbọ́dọ̀ wà nínú àdéhùn tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ náà, kó lè de ẹni tó bá rà á lọ́la. Kó sọ iye fúláàtì tí wọ́n máa dá padà, àti iye yàrá inú rẹ̀. Fúláàtì oníyàrá mẹ́ta tí wọ́n fi oníyàrá kan rọ́pò kò dá ìdílé kankan padà. Kó sọ owó ilé tí wọ́n máa san lẹ́yìn tí wọ́n bá padà, ẹni tó máa san owó ibi tí wọ́n máa wọ̀ sí fúngbà díẹ̀, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí iṣẹ́ bá pẹ́ ju ọjọ́ tí wọ́n dá lọ.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn tí wọ́n kà sí ayálégbé. Bí wọ́n bá ń ka ayálégbé láti ọjọ́ tí onílé mú ìwé wá, onílé tó gbọ́n á ti lé wọn jáde ní ọdún kan ṣáájú, ilé á ti ṣófo, kò sì ní sí ẹnikẹ́ni tí wọ́n jẹ ní nǹkan kan. Òfin tí California ṣe ní 2019 wo ọ̀nà yìí, ó sì dí i: ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni wọ́n ń wò láti mọ irú ilé tó wà níbẹ̀ àti ẹni tó ń gbé e. Bí àbá ìlú yín ò bá ní irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ gíga tàbí àwọ̀ bíríkì.

Nǹkan méjì tó kù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Láàárín ìgbà tí àbá jáde àti ọjọ́ tí òfin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn onílẹ̀ máa ń sáré mú ìwé wá lábẹ́ òfin èyí tó bá wù wọ́n jù, nítorí náà òfin tuntun gbọ́dọ̀ sọ ọjọ́ náà gan-an àti ìwé tí wọ́n kà sí pípé. Ilé tó ti wà tẹ́lẹ̀ tí kò bá tábìlì tuntun mu sábà máa ń dúró bó ṣe wà, ṣùgbọ́n ẹ ka abala tó sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí iná bá jó o: àwọn òfin kan ní bí ó bá ti bàjẹ́ ju ìdajì lọ, kò gbọ́dọ̀ padà sí bó ṣe wà.

Kí òfin tó kọjá, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi gbólóhùn kan sí ìparí rẹ̀ pé òṣìṣẹ́ ètò ìlú á máa gbé ìròyìn jáde lọ́dọọdún: iye ìwé àṣẹ tí wọ́n fún pùlọ́ọ̀tì kéékèèké àti ńlá, ní àdúgbò wo, iye èyí tí wọ́n kọ́ parí, ìlà tábìlì tó mú kí wọ́n kọ àwọn yòókù sílẹ̀, iye fúláàtì tó wó, àti iye ìdílé tó padà sínú ilé tuntun nínú àwọn tó kúrò.